Fèrè Ọkọ Mi

Fèrè ni ọkọ mi, ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì, fi ń to èmi tíṣà àtàwọn ọmọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣu n'Ísẹ́yìn, kó tó yọ kọ́kọ́rọ́.

Ó máa ń ní, "Báyìí ni mo ṣe kápá àwọn òǹdè ogun tó da àgọ́ tí mo ń ṣọ́ rú."

Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn òǹdè náà yà kí i, ó bá wa lórí ìlà. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, a ò dá fèrè yẹn lóhùn rí. Ìgbà tí ọ̀gá, ọkọ yín yìí, fún wa ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná la tó jẹ́ kí wọ́n sinmi."

Mo tẹ́wọ́ sí ọkọ mi. "Bàbá Ìbejì, kọ́kọ́rọ́ dà?"

Ó gbé e fún mi.

Mo fi fèrè sílẹ̀ fún un títí ó fi kú. Tó bá fọn ún, òun nìkan ní í dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣu, títí n ó fi ti ilé ìwé dé.