Ẹ Má Júwe Ilé Wa Mọ́

Àwọn télọ̀ tó wà ní òpópónà yẹn kò pe orúkọ rẹ̀ rí. Bàbá Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí abẹ́rẹ́ kì í wọ́n ní kọ́là ẹ̀wù rẹ̀, ì báà jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ tàbí ọjọ́ ìsinmi. Kì í ṣe pé òun fúnra rẹ̀ ń ránṣọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ránṣọ ló ń tún ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan tó há sáàárín ilé ìfọṣọ àti ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà. Bí ènìyàn bá wọlé síbẹ̀, òórùn epo ẹ̀rọ ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀, kí Bàbá Abẹ́rẹ́ tó gbé ojú sókè. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí oníbàárà bá ń ṣe àlàyé gígùn nípa ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ rẹ̀, bàbá náà á kàn yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan, á tẹ́tí sí i, á ní, "Ó tó. Mo ti gbọ́ ohun tó sọ."

Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń sọ̀rọ̀. Tíṣà ni obìnrin náà nígbà ayé rẹ̀, ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ ìránṣọ, bẹ́ẹ̀ náà sì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, títí kan ọkọ rẹ̀. Òun ló sọ fún ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan pé gbogbo ìmọ̀ tó wà nínú orí rẹ̀ yìí, bó bá kú, ta ni yóò gbọ́ ọ? Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó sórí àpótí gíga tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, á máa bi í léèrè. Kí lo yọ yẹn? Kí ló dé tó o fi yọ ọ́? Bí o kò bá yọ ọ́ ńkọ́? Ọkọ á dáhùn ní gbólóhùn kan, ìyàwó á sì sọ ọ́ di odindi ojú ìwé. Bó ṣe kọ wọ́n tán, ó wá ẹni tó bá wọn ṣe sáìtì kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ lè kà á láìsan nǹkan kan.

Ojú ìwé tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni èyí tó dá lórí òwú tó ń já láti ìsàlẹ̀. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyí: "Má bínú sí òwú. Òwú kọ́ ló ṣẹ̀ ọ́. Dojú ẹ̀rọ rẹ dé, kí o wo ohun tó ń fi pa mọ́." Àwọn tó kà á rẹ́rìn-ín, wọ́n dojú ẹ̀rọ wọn dé, wọ́n sì rí ohun tó ń fi pa mọ́. Àwọn wọ̀nyí ló wá di ajúwe-ilé. Olùkọ́ kan ní ìlú mìíràn kọ ọ́ sórí sáìtì ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ pé bí ẹ̀rọ akẹ́kọ̀ọ́ kan bá dá wàhálà sílẹ̀, kó lọ kà nípa rẹ̀ níbí. Ẹni tó bá sì fọwọ́ tẹ ọ̀rọ̀ náà, ọ̀dọ̀ Tíṣà ló máa já sí. Líǹkì ni wọ́n ń pe irú ìjúwe bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn télọ̀ kan ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń kó ẹ̀rọ àtijọ́ jọ ṣe bẹ́ẹ̀.

Tíṣà ṣàlàyé fún ọkọ rẹ̀ pé ẹ̀rọ ìṣàwárí tí àwọn ènìyàn fi ń wá nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì dà bí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú. Kò mọ ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára, nítorí náà, á bèèrè pé ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ń júwe? Á tún wo ẹnu tó ń júwe náà, bóyá ẹnu tó ṣeé gbà gbọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá bèèrè ohun tó ń mú òwú já láti ìsàlẹ̀, ojú ìwé tiwọn ni ẹ̀rọ náà á kọ́kọ́ gbé jáde.

"Ẹnu ẹlẹ́nu ló wá ń gbé wa ga," ni ọkọ wí.

"Tìẹ ṣáà kọ́," ni ìyàwó fèsì. "Ìwọ tí o kì í la tìẹ."

Àwọn ajúwe-ilé wọ̀nyí máa ń kọ̀wé sí Tíṣà, òun á sì máa kà á sókè fún ọkọ rẹ̀, pé lágbájá ní ká kí ẹ, pé tàmẹ̀dò ní ọmọ òun ti gbaṣẹ́. Ọkọ á ní "hẹn-ẹn", etí rẹ̀ á sì wà lára ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀.

Àìsàn dé, kò sì pẹ́ rárá tó fi mú Tíṣà lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá Abẹ́rẹ́ padà sí ṣọ́ọ̀bù bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló yí padà. Ní àràárọ̀, kó tó ṣí ilẹ̀kùn fún oníbàárà, á mú fóònù, á fi ìka kan tẹ ìbéèrè náà: kí ló ń mú òwú já láti ìsàlẹ̀? Ojú ìwé Tíṣà á yọ ṣíwájú gbogbo yòókù. Kì í kà á dé ìsàlẹ̀. Á kàn rí i pé ó wà níbẹ̀, bí ẹni tó gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ nínú yàrá kejì, tó mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló wà nílé. Nígbà tó yá, ó rí i ní ipò kejì. Nígbà tó tún yá, ó wá a títí kó tó rí i. Àwọn tuntun ti dé, aláriwo, tí wọ́n ń fi fídíò polówó ẹ̀rọ. Ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í ba bàbá náà, irú ẹ̀rù tí kò lè ròyìn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ta ló máa gbọ́ pé òkú ẹni ń sọnù lẹ́ẹ̀kejì tí kò ní rẹ́rìn-ín?

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sọ ọ́ fún. Ọ̀gá Kíákíá ni ìnagijẹ ọkùnrin náà. Iṣẹ́ ìpolówó lórí kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, kò sì sí ohun tí kì í bá ènìyàn ṣe kíákíá. Ó wo fóònù náà, ó fi ìka yí i sókè yí i sílẹ̀, ó mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sẹ́yìn, ẹ sì jókòó, ẹ ń wò."

Ó ní àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa júwe ènìyàn, kí wọ́n gbowó. Wọ́n ní sáìtì bí iyanrìn òkun. Bí gbogbo wọn bá tọ́ka sí ilé Tíṣà lẹ́ẹ̀kan náà, ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti dúró níwájú rẹ̀? Bàbá Abẹ́rẹ́ bèèrè irú ènìyàn tó ń gbé nínú àwọn sáìtì náà. Ọ̀gá Kíákíá rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rọ ìṣàwárí kì í bèèrè bóyá ilé ní onílé. Iye ìka tó ń tọ́ka ló ń kà.

Bàbá Abẹ́rẹ́ sanwó, wọ́n sì ṣe é. Bàbá Abẹ́rẹ́ wo díẹ̀ nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń júwe ìyàwó rẹ̀ báyìí. Ọ̀kan ń ta oògùn irun, òmíràn ń sọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́, òmíràn ń sọ̀rọ̀ tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Láàárín rẹ̀ ni wọ́n ki líǹkì òwú tó ń já láti ìsàlẹ̀ bọ. Inú rẹ̀ kò dùn sí i. Ṣùgbọ́n ojú ìwé Tíṣà padà sí ipò kìíní, ó sì gbé fóònù náà sí àyà fún ìgbà díẹ̀ kó tó ṣílẹ̀kùn.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tiwọn kò tilẹ̀ pẹ́. Àwọn tó ni ẹ̀rọ ìṣàwárí yí ìlànà rẹ̀ padà. Wọn kì í bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó yí i. Nínú ìlànà tuntun, ilé tí kò ní onílé kò lẹ́nu mọ́. Ẹnu tó ń júwe gbogbo ayé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di asán, ẹni tí irú ẹnu bẹ́ẹ̀ bá sì pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ojú òpùrọ́ ni ẹ̀rọ náà á máa fi wò ó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Abẹ́rẹ́ tẹ ìbéèrè rẹ̀, kò rí Tíṣà. Ó ṣí ojú ewé kejì, ó ṣí ẹ̀kẹta, ó ń ṣí i lọ. Oníbàárà ti ń kan ilẹ̀kùn, kò gbọ́.

Nígbà tó pe Ọ̀gá Kíákíá, ìyẹn wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ń sáré sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn líǹkì yẹn ló kó bá wọn, kí Ẹ̀gbọ́n kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n yọ ọ́. Ó fi orúkọ gbogbo ibi tó ń júwe sáìtì náà ránṣẹ́, ó ní àwọn tí kò dára ni kó kọ̀wé sí, ó sì pa fóònù.

Ibí yìí ni ọ̀ràn náà ti bàjẹ́ pátápátá, ìwà iṣẹ́ ọwọ́ ló sì bà á jẹ́. Láti ìgbà èwe tí Bàbá Abẹ́rẹ́ ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, bí òwú bá lọ́ mọ́ra wọn nínú ẹ̀rọ, kì í ṣa èyí tó dára kúrò lára èyí tí kò dára. Ọmọ iṣẹ́ tí kò mọṣẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni yóò gé dànù, á fọ inú ẹ̀rọ mọ́, á sì tún òwú mìíràn kì. Ohun tó ṣe náà nìyẹn. Ó kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, ó kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má júwe ilé wa mọ́, ẹ yọ wá kúrò lọ́dọ̀ yín. Ó fi í ránṣẹ́ sí gbogbo wọn.

Èsì bẹ̀rẹ̀ sí í dé kíákíá, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ẹgbẹ́ àwọn télọ̀ ní àwọn ti yọ ọ́, àwọn sì bá a kẹ́dùn. Bàbá tó ń kó ẹ̀rọ àtijọ́ jọ ní òun ti yọ ọ́, kò kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ilé oògùn irun àti ilé tẹ́tẹ́ kò fèsì rárá. Ta ni ì bá fèsì? Kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Bó ṣe di pé àwọn olóòótọ́, tí wọ́n gbọ́ràn, kó ọwọ́ wọn kúrò nìyẹn, tó wá ku ìka àwọn tí kò sí láyé nìkan tó ń tọ́ka sí obìnrin náà.

Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sán kan, tí òjò ń rọ̀, nígbà tí fóònù dún. Ohùn obìnrin ni.

"Ẹ káàsán, sà. Ṣé ẹ̀yin ni ọkọ Tíṣà?"

Ó ní òun ni. Obìnrin náà sọ pé òun ni olùkọ́ tó kọ́kọ́ fi líǹkì wọn sórí sáìtì ilé ẹ̀kọ́ òun.

"Mo ti yọ ọ́ bí ẹ ṣe wí, sà. Ó kàn ń dùn mí ni. Kí la fi ṣẹ̀ yín?"

Bàbá Abẹ́rẹ́ ro ẹjọ́ fún un, láti orí ipò kejì títí dé orí lẹ́tà. Kò fi ẹ̀bi sórí àbúrò ìyàwó rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n àwa kọ́ lẹ rà, sà," ni obìnrin náà wí.

"Mo rò pé bí òwú bá ti lọ́, gbogbo rẹ̀ là ń gé."

"Òwú kọ́ ni wá, sà. Ènìyàn ni wá."

Bàbá Abẹ́rẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun dá líǹkì náà padà. Olùkọ́ náà kẹ́dùn. Ó ní ẹni tó ń bá àwọn bójú tó sáìtì náà ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni òun fi rí ẹni bá òun yọ líǹkì náà, ilé ẹ̀kọ́ sì ti ń palẹ̀ sáìtì ọ̀hún mọ́. Kí wọ́n tó dágbére, ó ní Tíṣà máa ń kọ̀wé sí òun pé ọkọ òun kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Gbólóhùn yẹn ló mú un jókòó.

Ọ̀gá Kíákíá wá nírọ̀lẹ́, ó wá bínú. Ó ní àwọn tí kò dára lòun wí. Bàbá Abẹ́rẹ́ bi í pé báwo lòun ì bá ṣe mọ̀ wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ń júwe ẹ̀gbọ́n mi láti ìgbà tó wà láyé, ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n ni?"

Tíṣà ti ka orúkọ wọn sí ọkọ rẹ̀ létí, láti orí àpótí gíga yẹn, lálẹ́ lálẹ́, òun sì ní "hẹn-ẹn". Ohùn ẹ̀rọ ló ń gbọ́. Nígbà tí Ọ̀gá Kíákíá rí ojú rẹ̀, ìbínú rẹ̀ rọ̀. Ó wolẹ̀, ó ní òun mọ àwọn mìíràn tí wọ́n ń ta líǹkì tó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bàbá Abẹ́rẹ́ ní kó má wulẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì bu omi fún un mu.

Bàbá Abẹ́rẹ́ tún kọ̀wé sí gbogbo àwọn ajúwe-ilé Tíṣà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó tọrọ àforíjì. Díẹ̀ dá líǹkì náà padà. Àwọn kan kò fèsì mọ́. Ẹ̀rọ ìṣàwárí kò gbé ojú ìwé náà padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, títí di ìsinsìnyí.

Ní ọjọ́ kan, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ti Bàbá Abẹ́rẹ́ gbé ẹ̀rọ kan wá, ó ní òwú ń já láti ìsàlẹ̀, òun ti pààrọ̀ òwú títí ó ti sú òun. Bàbá náà dojú ẹ̀rọ dé, ó ṣe é. Kó tó gbé e nàró, ó mú búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tó fi ń sàmì sí ara irin, ó ti í bọ inú ọ̀dà, ó sì rọra ń kọ àdírẹ́sì sáìtì náà sí ìdí ẹ̀rọ, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, láìwo ibì kankan, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn tó fi ń rí ìyàwó rẹ̀ mọ́ ju kó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ àdírẹ́sì náà sórí fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Bàbá, kí lẹ wá ń kọ síbẹ̀ yẹn?" ni télọ̀ bèèrè. "Ìdí ẹ̀rọ! Ta ló máa rí i?"

"Ẹni tó bá dojú rẹ̀ dé," ni Bàbá Abẹ́rẹ́ wí, ó sì fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i kó lè tètè gbẹ.