Ọjọ́ Tí Mo Gbé Máìkì Sílẹ̀

Ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ti wà ní títì fún ìgbà pípẹ́ ní apá ibi tí wọ́n bí mi sí ní Kamẹrúùnù, ìròyìn tó sì ń kàn wá ní Houston níbí kò dùn ún gbọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè máa béèrè pé kí ló kan ọmọ Yorùbá níbẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti lọ ta aṣọ ní Kumba, ibẹ̀ ló sì bí gbogbo wa sí. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìjọba lọ́dọ̀ wa, Faransé ni lọ́dọ̀ àwọn tó pọ̀ jù wá lọ. Òfin ní èdè méjèèjì dọ́gba. Ẹni tó bá gbé ibẹ̀ mọ̀ pé irọ́ ni.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, wọ́n gbé ìbéèrè ìdánwò wá fún wa ní Faransé nìkan, a sì kọ̀, a ò wọ gbọ̀ngàn. Ní ọjọ́ kẹta, akẹ́kọ̀ọ́ kan nawọ́ sí mi láàárín èrò, ó ní, “Ọmọ Nàìjíríà nìyẹn, yóò tà wá.” Kí wọ́n lè mọ̀ pé n kò ní í tà wọ́n, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ju gbogbo wọn lọ. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, n kò sì tíì dákẹ́.

Ní Houston, nọ́ọ̀sì ni mí, ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ àwa tí a ti Kamẹrúùnù wá, èmi ni ògbufọ̀. Ẹgbẹ́ wa ní ìlànà kan: ohunkóhun tí a bá sọ nípàdé, ẹ̀ẹ̀mejì là ń sọ ọ́, kí àwọn díẹ̀ tó ń sọ Faransé láàárín wa má baà máa wò bọ̀ọ̀. Ìlànà yẹn máa ń mú orí mi wú.

Bọ́sẹ̀ náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kumba lòun náà, ó kéré sí mi, Richmond lẹ́bàá Houston ló ń gbé pẹ̀lú ọmọ méjì. Ọkọ rẹ̀, tí a ń pè ní Tíṣà, ṣì wà nílé lọ́hùn-ún. Òun àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ̀ nígbà tí ìjọba kó àwọn olùkọ́ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì wá sí ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Wọ́n wá mú un nílé. Fún ọ̀sẹ̀ méje, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n gbé e sí. Ìdí nìyẹn tí a fi ṣe ìwọ́de.

Ọ̀sán Sátidé ni, níwájú ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà kan ní àárín ìlú Houston, a sì mú lẹ́tà wa lọ́wọ́. Bọ́sẹ̀ gbé páálí tí àwòrán ọkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ dání.

“Àǹtí Yẹ́misí, ṣé ẹ rò pé ó ṣì wà láyé?”

“Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, Bọ́sẹ̀. Ó wà.”

“Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ wà lórí tábìlì nílé. Wọn ò jẹ́ kó mú un. Àǹtí, seven weeks!”

Ibẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù, tí a ń pè ní Mùsíọ̀, ìyẹn “ọ̀gbẹ́ni” ní Faransé, ti wá bá mi. Àgbàlagbà oníṣẹ́ iná mànàmáná ni, The Woodlands, lẹ́bàá Houston, ló ti ń ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tó dé Amẹ́ríkà, ìhà àwọn tó ń sọ Faransé ló ti wá, ìpàdé wa kò sì tíì mọ́ ọn lára.

Ó fi Faransé sọ fún mi pé, “Màdáámù, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti bá èrò yìí sọ. Gẹ̀ẹ́sì mi kò gbé e. Ẹ bá mi túmọ̀ rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé…”

Mo dá a lẹ́nu. “Ẹ má tíì sọ ọ́ fún mi, bàbá. N kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ṣáájú, kí n má baà fi tèmi kún un.”

Mò ń fi iṣẹ́ mi yangàn ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní mo fetí sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré!

A jọ gun pèpéle. Ó ní, “Ẹ̀yin ará mi, èdè tí wọ́n fi ń nà yín lọ́hùn-ún ni mo fẹ́ fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín.” Kí n tó la ẹnu láti túmọ̀ rẹ̀, ẹnì kan kígbe pé, “English!” Ẹlòmíì gbà á. Kò pẹ́ tí gbogbo èrò fi ń kígbe rẹ̀. Alága ẹgbẹ́ súnmọ́ mi, ó sọ ọ́ sí mi létí: “Sister, which side you dey?”

Ojú akẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́sí yẹn ni mo tún rí. Mo gbé máìkì sílẹ̀.

Mùsíọ̀ Pọ́ọ̀lù dúró, ó ń wò mí. Nígbà tó rí i pé n kò ní í gbé e mọ́, ó tẹrí ba fún èrò, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, oorun kò kùn mí mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo wa ọkọ̀ láti ilé mi ní Cypress lọ sí apartment Mùsíọ̀ Pọ́ọ̀lù láti tọrọ àforíjì. Ó fún mi ní omi mu, ó sì wá sọ ohun tí n kò jẹ́ kó sọ. Àbúrò rẹ̀ obìnrin máa ń gbé oúnjẹ lọ fún ọmọ tirẹ̀ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní olú-ìlú Kamẹrúùnù. Ibẹ̀ ló ti bá olùkọ́ kan láti ìhà wa pàdé; Tíṣà ni. Tíṣà ní ìyàwó òun wà ní Houston, kí wọ́n bá òun wá oògùn.

“Àbúrò mi kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ dáadáa. Mo fẹ́ béèrè ní gbangba pé ta ni ìyàwó rẹ̀, oògùn wo sì ni,” bẹ́ẹ̀ ló wí. “Àbúrò mi retí ìdáhùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó padà lọ, wọ́n ní wọ́n ti gbé e kúrò níbẹ̀. Wọn kò sọ ibi tí wọ́n gbé e lọ.”

“Kí ló dé tí ẹ ò pe ẹnikẹ́ni?”

“Ta ni n bá pè? Ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀ tó gbọ́ èdè mi àti ti wọn.”

Mo sọ fún un pé mo mọ ìyàwó ọkùnrin náà.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú un lọ sílé Bọ́sẹ̀. Mo jókòó láàárín wọn. Ó ń sọ ọ́, mo ń túmọ̀ rẹ̀: pé Tíṣà wà láàyè nígbà náà, pé ó rù, pé ó ń kọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìṣirò. Bọ́sẹ̀ fi etí ìró bo ẹnu. Lẹ́yìn náà, Mùsíọ̀ Pọ́ọ̀lù wolẹ̀, ó ní, “Ẹ sọ fún un pé mo wá láti sọ ọ́ lọ́jọ́ ìwọ́de, ṣùgbọ́n obìnrin tó yẹ kó túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi gbé máìkì sílẹ̀.”

Bọ́sẹ̀ kò gbọ́ Faransé. Mo lè sọ ohun mìíràn. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, bí wọ́n ṣe rán mi ni mo ṣe jẹ́ ẹ. Mo ní, “Èmi ni obìnrin náà, Bọ́sẹ̀.”

Ó kọjú sí Mùsíọ̀. “Ẹ bá mi bi wọ́n bóyá awò ojú ẹ̀ ṣì wà lójú ẹ̀.”

Mo béèrè. Ó ní àbúrò òun sọ pé ó wà níbẹ̀. Bọ́sẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Mùsíọ̀, ó sin ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé asán ni ìwọ́de yẹn. Ọ́fíìsì náà gba lẹ́tà wa, ìjọba Kamẹrúùnù sì ti tú díẹ̀ nínú àwọn olùkọ́ tí wọ́n mú sílẹ̀. Èdè tí wọ́n fẹ́ gbà lẹ́nu wa, ó tọ́ kí a jà fún un, n ó sì tún jáde lọ́la bí wọ́n bá pè wá. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń bá ìjọba jà lé lórí lọ́hùn-ún, àwa fúnra wa ṣe é fún ẹnì kan ní Houston, nítorí pé ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má pè mí ní ọ̀dàlẹ̀.

Bọ́sẹ̀ kì í pè mí kí mi mọ́. Ìgbà tí àbúrò Mùsíọ̀ bá pè é láti Kamẹrúùnù nìkan ló máa ń pè mí: “Àǹtí, wọ́n ti pè.” N ó fi ohun tí mò ń ṣe sílẹ̀, n ó gba freeway lọ sí Richmond. A ó pe obìnrin náà padà, á sọ ọ́ ní Faransé pé àwọn kò tíì rí Tíṣà. Bọ́sẹ̀ á kọjú sí mi, á máa wo ẹnu mi, èmi ni n ó sì sọ ọ́ fún un.