Ọ̀nà tó Gba Ẹ̀yìnkùlé Tíṣà

Bí olùkọ́ ìtàn wa ní Ajah bá ti mú ṣọ́ọ̀kì, irà ló kọ́kọ́ máa ń yà sójú pátákó. Àwọn Belgae ló fẹ́ràn jù, àwọn ẹ̀yà àtijọ́ kan ní Yúróòpù. Ó ní àwọn tó ń gbé etíkun nínú wọn sá wọ irà nígbà tí ọmọ ogun Róòmù dé, apá kò sì ká wọn níbẹ̀, àfìgbà tí Róòmù ṣe afárá wọlé.

“Afárá ló pa wọ́n,” bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Ọ̀tá wọn ló kọ ìtàn náà sílẹ̀, nítorí náà n kò lè búra sí i.

Nígbà tí ìjọba fẹ́ la títì àkọ́kọ́ wọ inú irà àdúgbò wa, ìlà tí wọ́n fà gba ẹ̀yìnkùlé Tíṣà, níbi tí sàréè ìyàwó rẹ̀ wà. Ó kọ̀. Ní ìpàdé àdúgbò, ìyá kan tó ń yan ẹja dìde.

“Tíṣà, Róòmù kò bá wa jà. Inú ọkọ̀ ojú omi ni ìyàwó yín kú sí, tòun toyún, kí ẹ tó gbé e dé ọsibítù. Ṣé bí àwọn aboyún tiwa náà ṣe máa kú nìyẹn?”

Tíṣà ní:

“Kí wọ́n máa bọ̀.”

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí katapílà dé. Sàréè náà kò ní sìmẹ́ǹtì, koríko sì ti bò ó. Awakọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó kí Tíṣà, ó bi í bóyá nǹkan kan wà nílẹ̀ yẹn tí òun gbọ́dọ̀ yà fún.

“Kò sí,” ni Tíṣà dáhùn.