Bí Mo Ṣe Gbé Kọ́lá Lọ sí Bódìjà

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi gbé Kọ́lá, ọmọ mi ọmọ oṣù mẹ́jọ, kúrò nílé wa ní Ọ̀yọ́. Ìyá rẹ̀ ti ṣíwájú lọ sí Ìbàdàn láti ọ̀sẹ̀ kan, ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ìyá mi ló sì ń bá wa tọ́jú ọmọ. Ilé kan ní Bódìjà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ ọwọ́, ni a fẹ́ kí Kọ́lá máa wà lọ́sàn-án. Kírẹ́ẹ̀ṣì ni wọ́n ń pè é. Bí wọn ò bá gbà á, ìyàwó mi á fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọdún márùn-ún ló fi wá àyè ọ̀hún.

Sílè mẹ́ta ni owó ọkọ̀. Mi ò mọ ọmọ pọ̀n, nítorí náà mo gbé e mọ́yà bí ẹni gbé àwo ọbẹ̀.

Awakọ̀ wò mí. "Ọ̀gá, ṣé tiyín ni, àbí ẹ ń bá èèyàn gbé e lọ ni?"

Gbogbo èrò ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ní Fìdítì mo ra ọsàn mẹ́rin ní kọ́bọ̀ kan. Kọ́lá fi omi ọsàn fọ ẹ̀wù mi. Títì dára láti Mọ́níyà títí dé Agbowó. Bódìjà kò jọ ọ̀dọ̀ wa rárá: ilé kọ̀ọ̀kan dá dúró láàrin koríko tí wọ́n gé, kò sẹ́ni tó jókòó síta tí èèyàn lè kí.

Màmá Dúró, àgbà obìnrin tó jẹ́ olórí kírẹ́ẹ̀ṣì náà, mú káàdì kan. "Ọ̀gá Tíṣà, ìgbà wo ló ń sùn? Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ebi ń pa á?"

Èmi ọ̀gá iléèwé! Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé mi ò mọ̀? Mo ní, "Aago mẹ́wàá, oúnjẹ. Aago méjìlá, oorun." Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí n dúró kí àwọn fi ọjọ́ náà wo ọmọ. Nígbà tí aago mẹ́wàá lù tí wọ́n gbé ẹ̀kọ wá, Kọ́lá ti sùn fọnfọn. Ní aago méjìlá, ó lajú kedere, ó ń fa ẹsẹ̀ ọmọ ẹlọ́mìíràn.

Màmá Dúró wo káàdì, ó wò mí. "Ṣé kì í ṣe aago iléèwé yín lẹ kà fún mi yìí?"

Ojú tì mí. Mo jẹ́wọ́.

Ó ní, "Ẹnì kan tún ń gbé ọmọ bọ̀ láago mẹ́rin fún àyè kan ṣoṣo tó kù yìí. Ẹ jókòó ti tiyín. Tẹ́ ẹ bá mọ àmì oorun àti ti ebi rẹ̀ kí ẹni náà tó dé, màá gbà á."

Ìyàwó mi wà ní kíláàsì títí di aago márùn-ún. Mo bá jókòó sórí ẹní, ẹ̀rù ń bà mí. Nílé wa, rírọ là ń rọ ọmọ lẹ́kọ, ì báà sunkún. Níbẹ̀, obìnrin kan ló ń tọ́jú ọmọ mẹ́ta, kálukú wọn sì ń jẹ nígbà tirẹ̀. Àwọn obìnrin náà tún ń gbàṣẹ lọ́wọ́ ọmọ: "Mo fẹ́ gbé ọ o." Ẹni tí kò tíì léyín! Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Kọ́lá nawọ́ sí wọn.

Kí aago mẹ́rin tó lù, mo ti mọ̀: bí oorun bá ń kùn ún, á máa fa etí òsì, bí ebi bá ń pa á, á máa mu ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Màmá Dúró kọ káàdì mìíràn, ó sì gbà á. Inú ìyàwó mi dùn dé ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kejì tí mo fi Kọ́lá sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tí mò ń padà, àárò ọmọ mi sọ mí gan-an nínú ọkọ̀.

Bí mo ṣe délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún ìyá mi bí ẹni ń kọ́ kíláàsì. "Ọmọ a máa fi àmì hàn. Bí oorun bá ń kùn ún, á máa fa etí..."

"Etí òsì," ni ìyá mi wí. Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà, wọn ò gbójú sókè. "Tó bá sì ń mu ọwọ́, ebi ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi kí n tó gbé e lọ?"

"Nígbà tí ìwọ náà wà lọ́mọ ọwọ́, irun mi lo máa ń fà," ni wọ́n dá mi lóhùn. "Ṣé o bi mí ni?"