Morónkẹ́ Tí Kì Í Tẹ Bíréèkì

Inú ṣì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Wọ́n ní Morónkẹ́ ṣe màgòmágó. Morónkẹ́ wo? Morónkẹ́ ará Ìfẹ̀wàrà, tí òun àti èmi Kàósárà jọ ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo, tí kò lè parọ́ kó má rẹ́rìn-ín?

Lọ́dọọdún, àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ máa ń kóra jọ sí pápá kan lẹ́yìn Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n á to àlòkù táyà sílẹ̀ káàkiri, ọkọ̀ á máa gba àárín wọn kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá tètè parí láìkan táyà ló gbégbá orókè. Òfin kan ló le jù: ọkọ̀ kékeré ni, ẹ́ńjìnì tó bá a wáyé ló sì gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Elisha fi ń gba ipò kìíní, tí Morónkẹ́ ń gba ipò kejì. Bàbá Morónkẹ́, tó kọ́ ọ lọ́kọ̀, máa ń wá jókòó sábẹ́ agboòrùn wò ó. Bàbá náà kú lóṣù kẹta ọdún yìí. Látìgbà náà ni ara Morónkẹ́ ò ti balẹ̀ mọ́. Ní ọ́fíìsì, ẹsẹ̀ ẹ̀ á máa jó lábẹ́ tábìlì. Mo ní, “Ìwọ obìnrin yìí, ṣé èèrà wà nínú bàtà ẹ ni?” Ó ní, “Kàósárà, mo fẹ́ gba ipò kìíní lẹ́ẹ̀kan péré. Ó dùn mí pé bàbá mi ò rí i.”

Lọ́jọ́ ìdíje ọdún yìí, òjò ti rọ̀ mọ́jú, gbogbo pápá di ẹrẹ̀. Elisha tẹná bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ ẹ̀ ń yọ̀ kiri bí ewúrẹ́ tó kó sí àbàtà, ó sì gbá táyà méjì. Ó wá kan Morónkẹ́. Ó yí síhìn-ín, ó yí sọ́hùn-ún, kò kan nǹkan kan. Ipò kìíní bọ́ sí i lọ́wọ́. Mo fò títí ìborùn fi bọ́ lórí mi.

Mi ò tíì dì mọ́ ọn tán tí Elisha fi bẹ̀rẹ̀ ariwo. Ó ní, “Ṣé ẹ rí i pé iná ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹ̀ ò tàn rárá? Gbogbo wa la tẹ bíréèkì nídìí táyà. Obìnrin yìí ti ṣe nǹkan sí ọkọ̀ yẹn.”

Òótọ́ ni pé iná ò tàn. Ṣùgbọ́n pikọ́ọ̀pù tí bàbá ẹ̀ fi ń kó kòkó tútù látoko bọ̀ wálé ni Morónkẹ́ fi kọ́ ọkọ̀. Inú agbọ̀n ni kòkó náà máa ń wà. Tó bá tẹ bíréèkì lójijì, kòkó á dà sílẹ̀, bàbá á sì ní kó sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣà á nínú ẹrẹ̀. Nígbà tó ṣà á títí tó sú u, ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù tó ń mú ọkọ̀ sáré kí kọ́nà tó dé.

Bàbá Oyèbọ̀dé, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń ṣe adájọ́. Ó ní kí Morónkẹ́ tẹ bíréèkì lórí ìdúró. Iná tàn yòò. Síbẹ̀ Elisha ò gbà, àwọn èrò náà sì ti ń kùn. Àwọn kan ní oògùn ni, àwọn kan ní ẹ́ńjìnì ni.

Bàbá ní, “Ó dáa. Morónkẹ́, bọ́ sínú ọkọ̀ Elisha. Tó o bá yí láìtẹ bíréèkì níbẹ̀ náà, a jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ ló mọ̀ ọ́n. Tí iná bá tàn, inú ọkọ̀ rẹ ni ọgbọ́n wà, a ó sì gba ipò yìí lọ́wọ́ rẹ.”

Elisha fà sẹ́yìn díẹ̀ kó tó mú kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Mo rò pé ahun ló ń ṣe é.

Morónkẹ́ gbéra. Ó kọjá táyà àkọ́kọ́. Bó ṣe ń sún mọ́ ìkejì, iná pupa tàn lẹ́yìn ọkọ̀. Ni ariwo bá sọ. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, Elisha ń jó. Ìbànújẹ́ mú mi débi pé mo jókòó sínú ẹrẹ̀.

Morónkẹ́ ò parí eré náà. Ó pa ọkọ̀ sáàárín pápá, ó sì rìn wá bá wa. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn. Díẹ̀ báyìí ni mo tẹ tọ́tù ẹ̀, ó ti gbé mi dé ìdí táyà. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ kékeré kì í fa èèyàn báyẹn.”

Elisha dá ijó dúró. Ó ní ẹ́ńjìnì gbóná, kò ṣeé ṣí. Bàbá lọ ṣí i, gbogbo wa sì tẹ̀ lé e. Ẹ́ńjìnì jíìpù ni wọ́n há mọ́ ibẹ̀, wọ́n ti gé irin kó tó lè wọlé. Olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta.

Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ ti ń wo ilẹ̀. Bàbá ní Morónkẹ́ ló gba ipò kìíní, Elisha ò sì gbọ́dọ̀ dé pápá yẹn mọ́. Mo ti fi ìborùn gbàjá, mo ti to èébú sẹ́nu, àti ti ìyá àti ti bàbá. Morónkẹ́ fọwọ́ dá mi dúró.

Ó ní, “Bọ̀dá Elisha, ìgbà wo lẹ ti gbé ẹ́ńjìnì yìí síbẹ̀?”

Elisha ní, “Ó ti tó ọdún mẹ́ta.”

Morónkẹ́ ní, “Á jẹ́ pé èmi ni mo ń gba ipò kìíní lójú bàbá mi láti ọjọ́ yìí, kò sì mọ̀ títí ó fi kú.” Ó jókòó sórí táyà tó wà níbẹ̀, ó bú sẹ́kún. Èébú tí mo tò sẹ́nu, mi ò rí i sọ mọ́.