Koríko Tó Wà Lábẹ́ Adájọ́

Bàbá Onítìmùtìmù ti kú sínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, lórí sìmẹ́ńtì lásán. Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ rán ohun tí ìdí wa ń gbádùn kò rí nǹkan kan fi ṣe ìrọ̀rí. Ẹ má bá ìjọba wí o. Ta ló sọ fún wọn pé afurasí pẹ̀lú máa ń sùn?

Ẹ̀ṣẹ̀ bàbá ni pé wọ́n bá àpò koríko gbígbẹ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn tó ń gbógun ti egbòogi olóró gbóòórùn rẹ̀, wọ́n wojú ara wọn, wọ́n ní igbó ni.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, inú tìmùtìmù ni mò ń kì í sí."

"Bàbá, ibi tẹ́ ẹ̀ ń kì í sí kọ́ la bi yín."

Ó dé kóòtù. Kí ilé àyẹ̀wò sáà yẹ koríko wò, kí kálukú máa lọ sílé, àbí? Wọ́n ní èsì ń bọ̀. Ìgbín ìbá ti lọ gbé e, kó sì padà dé. Agbẹjọ́rò ìjọba ò wá, wọ́n sún ẹjọ́. Agbẹjọ́rò wá, ẹlẹ́rìí ò wá, wọ́n tún sún un. Wọ́n gbé adájọ́ lọ síbòmíì, ni ẹjọ́ bá padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Béèlì ńkọ́? Wọ́n ní kí onílé wá dúró fún un. Àyálégbé ni gbogbo ọ̀rẹ́ bàbá.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó tẹjú mọ́ àga adájọ́ tuntun, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Olúwa mi, èmi ni mo rán tìmùtìmù tẹ́ ẹ jókòó lé yẹn. Koríko tó ṣẹ́ kù nínú iṣẹ́ yín ni wọ́n wá kó ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde díẹ̀, ká tú u wò."

Kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó tún ìdí gbé kalẹ̀ dáadáa, ó sún ẹjọ́ síwájú.

Tó bá jẹ́ igbó ni, ìgbà wo ni wọ́n máa wá mú adájọ́? Tó bá jẹ́ koríko ni, kí ló pa bàbá?

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyàwó rẹ̀ lọ bá akọ̀wé kóòtù.

"Màmá, ẹ máa dúpẹ́. Ẹjọ́ ti parí. A kì í bá òkú ṣẹjọ́."

"Ó jàre ni, àbí ó jẹ̀bi?"

"Kò sí èyíkéyìí, Màmá. Ó kú ni."

"Wọ́n ń pe àwọn ọmọ-ọmọ mi ní ọmọ onígbó níléèwé. Ṣé kí n ní kí wọ́n máa dáhùn pé ó kú ni?"

Akọ̀wé ń wá bírò tó wà létí rẹ̀.

Mo ní kí ọ̀gá ilé àyẹ̀wò wá ka èsì náà ní gbangba kóòtù, létí Màmá. Kí ẹni tó jókòó lé e lórí fẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní koríko náà ti sọnù, kò burú, a mọ ibi tí ìyókù wà. Ojoojúmọ́ la ń dìde fún adájọ́. Ó ti yí kàn yín wàyí, Olúwa mi. Ẹ dìde.