Ìkọ́ Tí Okko Jó Mọ́ Iwájú Ìjàpá

"Gesche, mu ife àkọ́kọ́, má dúró dè mí. Màá bá ọ níbi ìkejì."

Ohùn Okko tí Gesche Ubben gbọ́ kẹ́yìn nìyẹn. Láti inú ahéré tí ọkọ̀ ń sùn sí lẹ́yìn ilé ló ti sọ ọ́, kò sì pariwo, nítorí pé fèrèsé ilé ìdáná ṣí sílẹ̀. Gesche da tíì lé ṣúgà olókùúta lórí, ṣúgà náà sán kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ nínú ife bó ṣe máa ń sán, ó fi wàrà lé e, kò sì rò ó pọ̀, torí pé ní agbègbè tiwọn, ẹni tó bá ń ro tíì, ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa bú. Ó gbọ́ tí ẹ̀rọ ìlùhò ń han nínú ahéré. Ó dákẹ́. Ihò kan ti wọlé nìyẹn. Gesche bu ife kejì fún ọkọ rẹ̀, ó ń retí kí ẹ̀rọ náà tún han.

Kò han mọ́.

Nígbà tó débẹ̀, Okko jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti táyà iwájú, pẹ́ńsùlù ṣì wà létí rẹ̀. Ẹ̀rọ náà sùn sórí itan rẹ̀ bí ológbò.

Ọmọ ẹ̀bá òkun ni Gesche. Òkè amọ̀ gígùn tí àwọn baba ńlá wọn mọ, kí òkun má baà wá gbé wọn lójú oorun, ni ilé bàbá rẹ̀ fẹ̀yìn tì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un kúrò nílé ìwé, tó da apẹ̀rẹ̀ edé kan sórí tábìlì níwájú rẹ̀, tó ní, "Bó o." Ó bó o. Ó bó edé ní wúńdíá, ó bó o nínú oyún, ó bó o títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń bó edé lójú oorun. Lọ́jọ́ kan ni àwọn oníṣòwò wá sọ pé ó dínwó fún àwọn kí àwọn máa kó edé lọ sí Mòrókò, kí wọ́n bó o lọ́hùn-ún, kí wọ́n tún kó o padà wá síbí wá jẹ. Gesche rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà.

Okko ní tirẹ̀ ń pa edé lókun. Òun ń pa á, ìyàwó ń bó o. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tó wọn. Ọdún tí wọ́n bí Imke, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ni Okko wa Folkswagen ìjàpá kan wálé, tuntun, aláwọ̀ ewé. Ilé ahun kò gba ahun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ahun kò gba àlejò. Síbẹ̀ inú ìjàpá yẹn ni Okko àti Gesche àti Imke àti àwọ̀n àti apẹ̀rẹ̀ edé jọ ń gbà lọ sí ìlú Norden ní ọjọ́ Sátidé. Nígbà tó yá, Okko tẹ irin kan, ó fi ṣe ìkọ́, ó jó o mọ́ egungun ọkọ̀ láàárín bọ́ńpà iwájú, kó lè máa fi fa ọkọ̀ ojú omi kéékèèké jáde nínú ẹrẹ̀ bí omi òkun bá ti fà sẹ́yìn. Ìkọ́ ti gba àárín, nọ́ńbà iwájú kò ríbi jókòó mọ́. Okko sún un sí ẹ̀gbẹ́ òsì, sábẹ́ iná. Láti ọjọ́ yẹn ni ìjàpá náà ti ń wo gbogbo ayé bí ẹni tó ń ṣẹ́jú síni.

Ọjọ́ ń lọ, wọ́n ta ọkọ̀ ojú omi tí Okko fi ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni Okko bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ìjàpá, tó ń pààrọ̀ èyí, tó ń fi òróró pa tọ̀hún.

"H ni mo fẹ́ gbà fún un," ló wí.

Kò sí ẹni tí kò mọ H lábúlé wọn. Ọkọ̀ tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí wọn kò yí ìrísí rẹ̀ padà, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì fi lẹ́tà yẹn sí ìparí nọ́ńbà rẹ̀, pé èyí kì í ṣe pàǹtí, ìtàn ni.

"Wọ́n ti ta ọkọ̀ omi mi," Okko wí, "wọ́n ti gbé edé rẹ lọ Mòrókò. Ìjàpá yìí, wọn ò ní pè é ní àlòkù lójú mi."

Nọ́ńbà tí H bá wà nínú rẹ̀ gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí Okko fi gé irin tuntun tí nọ́ńbà iwájú máa jókòó lé. Ihò méjì ló yẹ kó wà lára irin náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ó fi pẹ́ńsùlù sàmì sí méjèèjì. Ọ̀kan ló lù.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Imke kò tètè padà sí Oldenburg níbi tó ń gbé. Ó ń fọ abọ́ tó mọ́, ó ń ká aṣọ tó ti wà ní kíká. Ìyá rẹ̀ ń wò ó. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká tà á. Ọkùnrin kan wà ní Bremen, ó lóun á wá gbé e lọ́la."

"Kó wá. Inú ẹ̀ ló ti máa bá mi. Bi í bóyá ó ń ra arúgbó mọ́ ọn."

"Màmá! Ẹ̀yin tẹ́ ò wa ọkọ̀ kọjá Norden rí?"

"Mi ò ṣe opó rí náà. Ṣebí mo ti ń kọ́ ọ."

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Gesche ń sunkún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó rí ọ̀nà Norden gbangba. Ó so nọ́ńbà àtijọ́ mọ́ irin tuntun náà fúngbà díẹ̀, ó wọ bàtà tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì gbé ìjàpá jáde.

Lüdeking lorúkọ ọkùnrin tó ń yẹ ọkọ̀ wò níbẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó wọ abẹ́ ìjàpá, ó kan ibí, ó kan ibẹ̀, ó jáde, ó ń nu ọwọ́, ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíra wọn lágbègbè náà.

"Moin, Ìyáàfin Ubben. Ẹ́ńjìnnì dáa. Ìsàlẹ̀ dáa, kò dógùn-ún. Ẹni tó ń tọ́jú ọkọ̀ yìí mọ iṣẹ́."

"Ó ti kú."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ó wá fi ìka kan ìkọ́. "Àmọ́ kí nìyí?"

"Ìkọ́ ni."

"Mo rí i pé ìkọ́ ni. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ kọ́ ló fi síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín gé e, kí nọ́ńbà padà sí àárín, H yín ti délé nìyẹn. Ẹ ò tíì ní mu kọfí tán."

"Èmi kì í mu kọfí."

"Ìyáàfin Ubben, òfin ni."

"Kí lòfin náà wí? Ẹ kà á sí mi létí, mi ò kàwé púpọ̀."

Lüdeking mí kanlẹ̀. "Ó ní ohun tí wọ́n bá fi sára ọkọ̀ kó tó pé ọdún mẹ́wàá lójú ọ̀nà, a lè kà á mọ́ ìtàn rẹ̀. Èyí tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn, àfikún lásán ni. Ta ló lè sọ ìgbà tí ìkọ́ yìí dé?"

"Èmi."

"Ẹ̀yin lẹ lọkọ̀. Ẹlòmíì ńkọ́?"

Gesche dúró lójú kan. Àwọn tó lè rántí ọdún tí ìkọ́ dé ti sùn sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó ṣì ń rìn lórí ilẹ̀, wọ́n bá ìkọ́ níbẹ̀ ni. Ẹnì kan ló kù, ẹni náà ni Habbo Redenius, Gesche sì ti búra nítorí rẹ̀.

Gbogbo abúlé ló mọ̀ pé Habbo pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó ara rẹ̀. Ohun tó sọ fún Theda, ìyàwó rẹ̀, ni pé wọ́n ṣí afárá sókè fún ọkọ̀ ojú omi, wọn kò sì tètè dá a padà. Irọ́ ni. Ọtí ló mu pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì wa ọkọ̀ wọ inú kòtò omi tòun ti kóòtù ìgbéyàwó. Okko àti Gesche ló bá a níbẹ̀ lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìkọ́ ìjàpá, tí iná tí wọ́n fi jó o kò tíì pẹ́ tutù, ni Okko fi fà á jáde. Habbo kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ní kí àwọn méjèèjì búra pé Theda kò ní gbọ́ láéláé. Wọ́n búra. Okko gbé tirẹ̀ lọ sínú sàréè.

Gesche pe Habbo wá mu tíì. Habbo fetí sílẹ̀, etí rẹ̀ sì pọ́n.

"Gesche, o búra o."

"Èmi àti Okko la jọ búra. Okko ti gbé ìdajì tiẹ̀ lọ. Ìdajì tèmi ni mo ní kó o dá padà fún mi."

"Theda á pa mí."

"O ti lé láàádọ́rin. Kí ló kù tó máa pa lára ẹ?"

"Kí n kàn sọ pé mo rí ìkọ́. Kí n má dárúkọ kòtò."

"Ọ̀gá yẹn á bi ọ́ pé báwo lo ṣe mọ ọjọ́. Kí lo máa sọ? Pé áńgẹ́lì ló sọ fún ẹ?"

Habbo mú ṣíbí rẹ̀, ó tì í sínú ife. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá ti fi ṣíbí sínú ife ti sọ pé ó tó, kí wọ́n má bu tíì mọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò sí olúwarẹ̀ tí í jà á níyàn. Gesche na ọwọ́, ó yọ ṣíbí náà jáde, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì da tíì kún ife náà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.

Habbo la ẹnu sílẹ̀. Kò rí irú rẹ̀ rí láyé.

"Gesche! Ìwà wo nìyí?"

"Mu ún. Mi ò ní sọ fún Theda, mo ti búra. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gé ìkọ́ yẹn, gbogbo ibi tí mo bá ti pàdé ẹ lójú ọ̀nà, màá máa tẹ fèrè títí o fi máa wọlé."

Ó mu ún.

Ojú Habbo kò ríran dáadáa mọ́, Theda ló ń wa ọkọ̀. Nítorí náà, kò sí bó ṣe lè dé Norden láì jẹ́ pé Theda wà níbẹ̀. Níwájú ìjàpá, Habbo ṣí fìlà. Ó sọ̀rọ̀ sí ìkọ́, kò wo ẹnikẹ́ni. Ó sọ nípa ọtí, ó sọ nípa kòtò, ó sọ nípa okùn tí Okko so mọ́ ìkọ́ yìí gan-an tó fi fà á jáde.

Theda jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Habbo, níwájú pẹpẹ ni omi ti ń kán nínú bàtà ẹ. Koríko kòtò lẹ̀ mọ́ ẹ lẹ́yìn kóòtù. Afárá wo ló ń hu koríko?"

"O… o mọ̀?"

"Ó jọ pé mo fọ́jú ni? Mo kàn ń wo ìgbà tó o máa sọ ọ́ ni. Ó pẹ́ ẹ tó o!"

Lüdeking ti kọ ẹ̀yìn sí wọn, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó yíjú padà, ó fajú ro bí ọ̀gá.

"Ìgbéyàwó yín yìí, ọdún wo ni?"

"Ọdún 1978!" Ẹnu tọkọtaya náà pàdé.

"Ọkọ̀ yìí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kan ìkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, wẹ́rẹ́ báyìí, bí ẹni ń kí àgbàlagbà. "Ìyáàfin Ubben, kó dúró síbẹ̀."

Gesche gba nọ́ńbà tuntun, méjì, tòun ti H. Wọ́n jọ padà sílé. Habbo bá a fi tẹ̀yìn sí, ó wọlé pinpin. Nígbà tó kan iwájú, ó rí i pé irin Okko ní ihò kan péré àti àmì pẹ́ńsùlù kan. Ó gbé ẹ̀rọ ìlùhò Okko nílẹ̀.

"Jẹ́ kí n lù ú. Mo jẹ ọkọ ẹ ní gbèsè oore."

"Gbé e sílẹ̀, Habbo. Okko ló ni ihò yẹn."

"Ìṣẹ́jú kan ni! Ọlọ́pàá á dá ẹ dúró o."

"Kí wọ́n dá mi dúró. Màá bu tíì fún wọn."

Theda fa ọkọ rẹ̀ lápá, wọ́n lọ.

Gesche fi bóòtù sí ihò tó wà. Ó mú okùn tí Okko fi ń tún àwọ̀n ṣe, ó fi so ẹ̀gbẹ́ kejì mọ́ bọ́ńpà, ó ta kókó tí omi òkun kì í tú. Ó fà á wò. Kò mì.

Láti ìgbà náà ló ti ń wa ìjàpá, ó ti wà á kọjá Norden, ó ti wà á dé Oldenburg, níbi tí Imke ti jáde síta tó sì fọwọ́ bo ẹnu. Ọkọ Imke ti bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí òun lu ihò yẹn. Ọlọ́pàá kan ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo okùn náà, ó wo obìnrin náà, ó ní kó lọ wá nǹkan ṣe sí i. Gesche ní ó dáa.

Àmì pẹ́ńsùlù náà ṣì wà lára irin. Wọn kò tíì lu ihò kejì.